Ẹ Jọ̀ọ́, Bẹ́ẹ̀ Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ṣẹ ará Kumasi, "bẹ́ẹ̀ ni" ni. Mi ò bú èèyàn, mi ò ṣépè. Ìyá àgbà kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Adum, ó nàka sí ṣájà kan lókè, mo mú un fún un, ó fi òyìnbó bi mí bóyá ó máa bá fóònù òun mu. Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì." Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ìyá yìí wò mí látòkè délẹ̀, ó dá ṣájà padà sórí káńtà, ó ní, "Alata!" ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Alata ni wọ́n ń pe àwa ará Nàìjíríà ní Gánà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín sọ ọ́, orúkọ lásán ni. Bí wọ́n bá yínmú kí wọ́n tó sọ ọ́, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó jẹ́.

Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó sórí àpótí nínú lọ́hùn-ún, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbàlagbà bi ẹ́ léèrè, o wá já a lù ú báyẹn? Yẹ́ẹ̀sì gbágbáágbá?"

"Kí ni ǹ bá sọ, Àlàájà? Ṣé kí n ní rárá ni?"

"Wàá ní 'mepa wo kyɛw, aane.' Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, kí ohun tó kù tó tẹ̀lé e. Ilé yín kọ́ nìyí. Woate? Ṣó o ti gbọ́?"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n inú bí mi. Lójú tèmi, àwọn gan-an ni ò mọ ọ̀wọ̀. Ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ ń pe Àlàájà ní "wo", ìyẹn "ìwọ", torí kò sí "ẹ̀yin" fún àgbà nínú èdè wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ń yún mí láti gbá a létí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọmọ náà ti ní "mepa wo kyɛw" kó tó ní "wo". Ó ti kí àgbà tán, èmi ni mi ò mọ̀ pé kíkí ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ ti wọ èmi náà lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí i. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, mò ń bẹ ewúrẹ́ Àlàájà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ọ̀nà.

*

Kí n sọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Ìbátan bàbá mi ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò, Kumasi ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí títí di òní. Ó ní ilé kan ní Dichemso, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Adum tó ti ń ta ìbòrí fóònù àti ṣájà. Ó ránṣẹ́ sílé pé òun ń fẹ́ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí ẹnu òun má baà gbàgbé. Àkókò yẹn, èmi wà nílé, bàbá mi ti kú, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà tí mo fẹ́ wọ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Màámi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé tíṣà ni ọmọ òun máa ṣe. Ojú ń ti èmi àti òun. Mo ní kí n lọ.

Yorùbá Àlàájà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé, ó máa ń parí sọ́nà. "Lọ bá mi gbé omi wá," n ó ti rò pé ó parí síbẹ̀, àfi kó tún ní, "na bra ntɛm," kí n sì tètè dé. Òun kò mọ ibi tí èdè kan ti ń wọ ìkejì. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ni mò ń rín.

Àwọn oníbàárà ló wá ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí mi, torí níbẹ̀, ọjọ́ ìbí ló ń fún èèyàn lórúkọ. Mo pe Màámi.

"Màámi, ọjọ́ wo lẹ bí mi?"

"Kí ló dé? Ara ẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá. Àwọn èèyàn ibí ló ń béèrè."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ ìbí ọmọ mi ṣe? Háà! Mi ò ní sọ ọ́ o."

"Màámi, gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ ọjọ́. Wọn ò fẹ́ fi mí ṣe nǹkan kan."

Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n má sọ wákàtí rẹ̀ fún wọn."

Bí mo ṣe di Abena nìyẹn, orúkọ obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí Àlàájà ní kí a máa fi fọ́tò ọjà wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, "Abena Alata" la kọ síbẹ̀, kí oníbàárà lè tètè rí wa. Orúkọ yẹn ló wà lórí fóònù mi. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì fura.

*

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílé ló ṣí ẹ̀kọ́ orí fóònù sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ Yorùbá. Ọdún méjì ni. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: mo gbé nílẹ̀ Yorùbá títí, mi ò rí ibi kọ́ ọ, àfìgbà tí mo dé àárín àwọn Asante ní Kumasi.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi kíláàsì àkọ́kọ́ sí. Mo ti pa ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, mo ti wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Aago mẹ́rin gééré, mo wọlé, mo bá gbogbo wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ó dàbọ̀. Aago ilé fi wákàtí kan ṣáájú ti Gánà! Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó dé ibi ìkómọ lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùnkànmí, òun ni wọ́n fi ṣe olórí kíláàsì, ó wà ní Ìbàdàn, ló rí orúkọ mi.

"Ẹ dúró ná! Abena Alata! Àlejò wa láti Gánà, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀?"

Mo dáhùn bí ẹnu mi ṣe ti mọ́ ọn lára. "Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni."

"Yéè! Ó gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ bó ṣe pe 'bẹ́ẹ̀ ni' bí ọmọ Yorùbá! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èèyàn bí ogún, ojú wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú àpótí kékeré kékeré, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ torí pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo la ẹnu pé kí n ṣàlàyé. Kíláàsì ti pa dé.

Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, mo pa òwe kékeré kan, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí mo wà nílé, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí pé mo gbọ́ Yorùbá? Ṣebí gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ní Kumasi, mo jẹ́ Alata tí kò mọ Twi, èdè wọn, sọ dáadáa. Inú kíláàsì yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ ẹni ìyanu. Bí wọ́n bá ní kí n ṣí kámẹ́rà, mo máa ń ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọọ̀kì dáa. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí wọ́n bá rí ilà méjì tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, àtẹ́wọ́ máa tán.

*

Màámi kò gba ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí gbọ́.

"Níbo ló wà gan-an?"

"Inú fóònù ni, Màámi."

"Inú fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ńkọ́?"

"Inú fóònù làwọn náà wà."

"Tíṣà yín?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

"Gbogbo yín nínú fóònù kan ṣoṣo?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ti lé ẹ kúrò níbi iṣẹ́, sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo pa fóònù tán, omi tó kù kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́. Òun tó fẹ́ kí n di tíṣà ju ẹnikẹ́ni lọ ni kò rí i bí mo ṣe ń dì í. Mi ò ní aṣọ iléèwé tí mo lè wọ̀ kọjá níwájú ilé wa. Kò sí ojú ọ̀nà tó lè dúró sí kó máa wò mí bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mi kò ní ẹnu ọ̀nà.

Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ibà gbé mi dè. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù ní Bantama, mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì. Sùnkànmí fi ohùn ara rẹ̀ ka gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sínú fóònù fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ka ibì kan tó le, á dúró, á ní, "Ṣó yé ẹ, Abena?" á sì ní sùúrù bí ẹni pé mò ń dá a lóhùn. Obìnrin kan nínú wọn tí mi ò rí rí gbàdúrà fún mi títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ọlọ́run Abena, dìde!" ló ń wí. Mo dùbúlẹ̀, mo fi fóònù sétí, mò ń ṣe àmín. Mo wá ń rò ó nínú ara mi pé, ta ló máa gba àdúrà yìí? Ta ni Abena? Àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ràn mi dénú, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ojú tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ju bí ibà ṣe dùn mí lọ.

Mo búra pé bí mo bá gbádùn, n ó sọ ọ́. Mo gbádùn tán, mi ò sọ ọ́.

*

Olùkọ́ wa, Dókítà la máa ń pè é. Òun náà kì í ṣí kámẹ́rà, ó ní iná àdúgbò àwọn kì í dúró. Ohùn rẹ̀ nìkan la mọ̀, ohùn tí kì í yára. Òun ló bi mí lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan pé, "Abena, kí lo ṣe tó o fi máa ń bẹ̀ mí nígbà gbogbo? Mo bi ẹ́ bóyá o kàwé, o ní ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi ẹ́ bóyá ó yé ẹ, o ní ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ nà ẹ́?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí, sà." Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn, èyí tí a ó fi gbàwé ẹ̀rí, ni pé kí oníkálukú lọ bá àgbà kan, kó gba ọ̀rọ̀ òwò àtijọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò jìnnà kí n tó rí àgbà. Ní àgbàlá ilé ní Dichemso, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà níbi tó ti ń bó ẹ̀pà, mo ní kó sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Háà, ẹ wá gbọ́ ẹnu! Ó sọ bí alájàpá ṣe ń wọ oko lọ ra ọjà. Ó sọ ti pàràkòyí tó ń parí ìjà òǹtajà. Ó sọ ti èènì, ìyẹn ohun tí òǹtajà ń fi lé ọjà kí inú oníbàárà lè dùn. Fún wákàtí kan gbáko, Twi kò wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Obìnrin tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí ní ń kọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Mi ò tíì kọ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹta ni Dókítà fèsì. Kò kọ ọ́ sí kíláàsì, èmi nìkan ló kọ ọ́ sí.

"Orúkọ tó wà nínú ìwé iléèwé, ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Orúkọ tó wà lójú fóònù, ti ọmọ Gánà ni. Ẹni tó kọ iṣẹ́ yìí, ẹnu àgbà Ọ̀yọ́ ló fi kọ ọ́. Ẹni tó ń dá mi lóhùn ní kíláàsì, ọmọ Yorùbá kan kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú yín ló ń kẹ́kọ̀ọ́, ta ló sì ń jókòó dípò rẹ̀ ní kíláàsì? Lọ́jọ́ Sátidé, kí o ṣí kámẹ́rà níwájú gbogbo kíláàsì. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé mi, mi ò ní buwọ́ lu iṣẹ́ náà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí. Bí kò bá buwọ́ lù ú, kò síwèé ẹ̀rí. Ọdún méjì lọ nìyẹn. Kí ni n ó sọ fún Màámi? Pé fóònù lé mi kúrò níléèwé?

Mo ka lẹ́tà náà fún Àlàájà. Mo rò pé á bá mi bínú sí Dókítà. Èmi ló kọjú sí.

"Ìwọ lo fà á. O fẹ́ lá oyin, o ò fẹ́ kí oyin ta ẹ́. Wallahi, ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Àlàájà, àwọn ló pè mí ní ọmọ Gánà!"

"O sì jẹ́ ẹ!" Ó gbé tẹ̀súbáà kalẹ̀. "Wò ó, wọ́n bí mi síbí. Àwọn ará ibí ní Alata ni mí. Àwọn ará ilé tó bá dé, wọ́n á ní ẹ wo ọmọ Gánà yìí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ba Yorùbá jẹ́. Mo ti lé láàádọ́rin ọdún, mi ò tíì rí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi lórí ọ̀kankan. Ìwọ wá rí àtẹ́wọ́, o fi ilé ẹ ṣe pàṣípààrọ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà."

"Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀," ló wí, ó sì mú tẹ̀súbáà rẹ̀ padà.

*

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé fóònù ti páálí ṣájà lórí káńtà. Mo ti há ohun tí n ó sọ sórí: n ó kí wọn, n ó sọ òtítọ́, n ó tọrọ àforíjì. Àlàájà jókòó sí ẹ̀yìn mi, ó wọ híjáàbù funfun tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Ọdún. Mo ní kí ló dé. Ó ní ṣé òun ò lè múra nínú ṣọ́ọ̀bù òun ni.

Aago mẹ́ta Kumasi lù. Mo tẹ kámẹ́rà, ojú mi yọ. Dókítà náà sì tẹ tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo ń retí ni ọkùnrin tó ń kanra. Bàbá arúgbó ni mo rí. Irun rẹ̀ funfun, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sápá kan bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́, ó sún mọ́ fóònù jù, ó ń fojú wá mi. Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Mi ò ronú, mi ò pinnu. Eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú àfaradà wa, sà."

Mo gbọ́ igbe Sùnkànmí lókè orí mi. "Ó ti já! Nẹ́tíwọọ̀kì Abena ti já!"

"Nẹ́tíwọọ̀kì wo ló já?" ni Dókítà wí. "Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni? Mò ń rí ìbòrí fóònù, mò ń rí Àlàájà kan. Abena, níbo lo wà?"

"Mo wà nílẹ̀, sà. Mò ń kí yín ni."

Nígbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Mo ti kúnlẹ̀ kúrò lójú fóònù! Káńtà ti bò mí mọ́lẹ̀. Mo ti rò pé ojú fóònù ni n ó ti jẹ́rìí ara mi, n kò sí lójú rẹ̀ rárá.

Àlàájà na ẹsẹ̀ kàn mí. "Abena, sɔre! Dìde! Wọn ò rí ẹ."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá," ni Dókítà wí, mo sì gbọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti rí i. Ta ló máa kọ́ àlejò ní ìkúnlẹ̀ yìí? Ọmọ, ta ni ẹ́?"

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti sọ ọ́. Mi ò dìde, torí ó rọrùn láti sọ níbi tí wọn ò ti rí ojú mi. Mo dárúkọ tí bàbá mi sọ mí. Mo dárúkọ ilé wa. Mo ní ẹ̀bẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi, ọ̀wọ̀ ará Kumasi ni, ó ti wọ̀ mí lára. Mo wá ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Mo jẹ́ kí ẹ máa pè mí ní ọmọ Gánà torí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Nílé, mi ò rẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún mi rí."

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwọn ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ta ló sọ èènì fún ẹ?"

Àlàájà kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó gbé ojú rẹ̀ lé fóònù. "Èmi ni. Ta ni kò mọ èènì? Kí lẹ̀yin ń pè é nílé báyìí?"

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, jàrá ni wọ́n ń pè é, Màmá."

"Jàrá! Háúsá mà nìyẹn! Ẹ̀yin ni ẹ jókòó nílé, ẹ ń sọ Háúsá, ẹ wá ń bi ọmọ mi pé ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́ o!"

Ẹ̀rín wá bú. Dókítà pàápàá ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní, "Màmá, apá ilé wo lẹ ti wá ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo gbójú sókè wo Àlàájà láti ilẹ̀, mo rí i tó ń tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Mo ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó dárúkọ ilé wọn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tún un sọ.

*

Dókítà buwọ́ lu iṣẹ́ mi. Ó ní kí n yí orúkọ ojú fóònù padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Mo kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mo wò ó títí. Mo wá fi Abena kún un lẹ́yìn. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Abena ni wọ́n gbàdúrà fún lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè lé e jáde bí ẹni lé ajá.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́? Wọn ò ṣe é mọ́. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, mo pa òwe, Sùnkànmí ní, "Ó dáa, ẹni tó kàn." Ó dùn mí díẹ̀. Ó tún tù mí lára, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Nísinsìnyí, ọmọ méjìlá ló ń jókòó sí àgbàlá Àlàájà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọ àwọn Alata tí wọ́n bí sí Kumasi, tí mò ń kọ́ ní Yorùbá. Méjì mìíràn wà nínú fóònù, torí wọ́n ti kó lọ sí Tamale. Bí mo bá bi wọ́n bóyá ó yé wọn, gbogbo wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni." Mi ò tún un ṣe fún wọn.

Ọjọ́ tí èsì jáde, mo pe Màámi.

"Ṣó o yege?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lo tún ń bẹ̀ mí fún? Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màámi. Mo yege. Mo ti di tíṣà."

Mo gbọ́ tó pariwo síta, "Ọmọ mi ti di tíṣà o! Iléèwé inú fóònù yẹn, òótọ́ ni!" Àwọn aládùúgbò ń dá a lóhùn. Ẹnì kan ń jó, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó padà sórí fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó dáa, o ti gba ohun tó o wá lọ," ló wí. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Mo wo àgbàlá. Àlàájà ń to bẹ́ǹṣì sílẹ̀ de àwọn ọmọ, ó ń fọwọ́ nu eruku kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi," ni mo wí.

Ó ń dúró de èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni.